Owó Oṣù Ló Lé Kérékou, Kì í Ṣe Ògiri Berlin

Bí oṣù Kọkànlá bá ti ń wọlé báyìí, àwọn onírédíò á bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní ọjọ́ 9 oṣù náà ní ọdún 1989 ni àwọn ará Jámánì gun ògiri Berlin tó pín ìlú wọn láàárín apá Rọ́ṣíà àti apá Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi òòlù fọ́ ọ, ìròyìn ọ̀hún sì fò wá sí Áfíríkà, ni àwọn ọ̀gá ṣọ́jà wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Èmi á máa gbọ́, màá máa rẹ́rìn-ín sínú. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ọ̀gá ṣọ́jà Kérékou ti ń ṣàkóso nígbà náà, ọmọ ogún ọdún sì ni mí lọ́dún náà. Kí ògiri yẹn tó wó, bàbá mi ti gbàgbé bí owó oṣù ṣe ń rí. Iléèwé ti tì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tó wà ní Abomey-Calavi ti ń bá ọlọ́pàá fà á láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Kò sí ará Berlin kankan tó wá kọ́ wa.

Àgbádárìgì ni mo ń gbé láti ìgbà tí mo ti lọ́kọ, mo sì mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín mọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ mọ́: mọ́tò tòkunbọ̀, ìrẹsì, tọ́kì inú yìnyín. Tí mo bá ní a ti fìgbà kan jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Marx àti Lenin, àwọn baba ìjọba kọ́múníìsì, àwọn èèyàn á ní ṣé kì í ṣe Kúbà ni mò ń sọ.

Dàhòmì là ń jẹ́ nígbà tí a gbòmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1960. Láàárín ọdún méjìlá tó tẹ̀ lé e, ṣọ́jà gbàjọba títí tó fi sú àwọn tó ń kà á. Ní 1970, wọ́n kúkú kó olóṣèlú mẹ́ta, Maga, Ahomadégbé àti Apithy, sórí àga kan ṣoṣo, pé kí wọ́n máa jẹ ẹ́ ní ọdún méjì-méjì, bí ìgbà tí ìyàwó ilé mẹ́ta ń pín ọjọ́ oúnjẹ. Maga jẹ tirẹ̀ tán, ó gbé e fún Ahomadégbé. Ahomadégbé kò tíì jókòó dáadáa tí Mathieu Kérékou, ṣọ́jà kan láti apá àríwá, fi gba gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1972. Apithy, ọmọ Àjàṣẹ́ tiwa, kò rí ìpín tirẹ̀ jẹ. Àwọn àgbà àdúgbò wa kò dárí ji Kérékou lórí ìyẹn títí wọ́n fi kú.

Ayé pín sí méjì nígbà náà, apá Amẹ́ríkà àti apá Rọ́ṣíà. Ẹni tó bá fẹ́ kí Faransé yéé pàṣẹ fún òun, apá kejì ló ń sá lọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1974, Kérékou dúró ní Abomey, ó kéde pé ọ̀nà Marx àti Lenin la ó máa tọ̀. Nígbà tó pé ọdún kan sí ọjọ́ náà, ó pa orúkọ Dàhòmì rẹ́, ó sọ wá ní Bẹ̀nẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo sílẹ̀. Bàbá mi, tíṣà ni, máa ń sọ ọ́ ní bòńkẹ́lẹ́ pé òun ò rò pé ọ̀gágun náà ka ìwé Marx kọjá èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá ní ohun tí a fi ránṣẹ́ láti Kútọnu.

Kakí là ń wọ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ọ̀gá iléèwé á ké “Ehuzu!”, ìyẹn “nǹkan ti yí padà” ní èdè Fọ̀n, àwa náà á dáhùn “Dandan!” Ìwé ìròyìn ìjọba gan-an, Ehuzu lorúkọ rẹ̀. Gbogbo iléèwé ló gbọ́dọ̀ ní oko, nítorí náà ọkọ́ wà lára ohun tí a ń gbé lọ pẹ̀lú ìwé. A kì í pe tíṣà ní ọ̀gá mọ́, kámáràdì ni. Ẹ gbà mí o, báwo lọmọ Yorùbá ṣe ń pe bàbá rẹ̀ ní kámáràdì? Kíláàsì bàbá mi ni mo bọ́ sí lọ́dún kan. Láàárọ̀ màá kúnlẹ̀ kí i nílé, a ó jọ rìn lọ, tí a bá ti wọ ọgbà iléèwé ó di kámáràdì. Ìyá mi ní tí òun bá fi lè gbọ́ ọ nínú ilé òun, ata ni òun máa fi fọ ẹnu mi.

Kétu ni ìyá bàbá mi ti wá. Ní nǹkan bí 1976, ìjọba gbógun ti àjẹ́. Wọ́n ní àwọn ni kò jẹ́ kí orílẹ̀-èdè tẹ̀ síwájú. Wọ́n ń kó àwọn ìyá arúgbó, wọ́n ń fi wọ́n sórí rédíò kí wọ́n máa jẹ́wọ́ iye ọmọ tí wọ́n ti jẹ. Èmi kéré, mo rò pé ìtàn àlọ́ ni. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: Kétu, níbi tí wọ́n ti ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti fi tu àwọn ìyá lójú, tí ọkùnrin ń wé gèlè tó ń di ọmú igi mọ́yà nítorí ọlá àwọn ìyá, ibẹ̀ ni ọmọ ológun á ti wá sọ pé ìyá ni ọ̀tá ìlọsíwájú. Ìyá àgbà kì í bínú, ṣùgbọ́n wọ́n pa rédíò bàbá mi lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé e sábẹ́ ibùsùn wọn, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ kó wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn. Fún gbogbo àsìkò yẹn, ilé wa kò gbọ́ ìròyìn.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé irọ́ ni gbogbo ọ̀tá tí Kérékou ń pariwo. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1977, ọkọ̀ òfuurufú kan balẹ̀ sí pápá Kútọnu, àwọn ológun àgbàṣe bọ́ jáde, Bob Denard ará Faransé ló kó wọn wá. Wọ́n fẹ́ gbàjọba. Wọ́n jà fún wákàtí mélòó kan, ọwọ́ pálábá wọn ségi, wọ́n sá padà wọnú ọkọ̀ wọn, wọ́n sì gbàgbé àpótí ìwé sílẹ̀! Ìwé yẹn ló tú àṣírí wọn, ó fa orúkọ Mòrókò àti Gàbọ́n sínú ọ̀rọ̀ náà. Láti ọjọ́ náà, ìṣọ́ òru di ti gbogbo àdúgbò, gbogbo àlejò sì di amí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ìjà Kérékou àti Bongo, ààrẹ Gàbọ́n, gbóná, Gàbọ́n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kúrò nílẹ̀ wọn. Àbúrò ìyá mi tó ń ránṣọ ní Libreville wà lára wọn. Ó dé pẹ̀lú àpótí kan, kò sí ẹ̀rọ ìránṣọ nínú rẹ̀.

Ohun tó ṣòro fún mi láti ṣàlàyé fún àwọn ọmọ mi ni pé àwọn kọ́múníìsì gan-an wà lẹ́wọ̀n lábẹ́ ìjọba Marx àti Lenin yìí. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ti Dàhòmì, tí wọ́n ní ti Kérékou kì í ṣe ojúlówó, ni wọ́n ń kó lọ sí ẹ̀wọ̀n Ségbana ní òkè lọ́hùn-ún. Ọmọ aládùúgbò wa kan wà níbẹ̀. Nígbà tó padà, kì í jókòó sí ibi tí kò ti rí ẹnu ọ̀nà.

Níbo ni owó wá wọ̀? Ọ̀rọ̀ ibí yìí kan ẹ̀yin ará Nàìjíríà gan-an. Bẹ̀nẹ̀ kò ní epo tó tó nǹkan. Owú wà, èbúté Kútọnu sì wà, àmọ́ ọjà tó ń gba ibẹ̀ wọ Nàìjíríà ni ìjọba ń gba owó bodè lórí rẹ̀. Tí epo bá dùn ní Èkó, Kútọnu á sanra. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, ẹ lé àwọn àlejò lọ́dún 1983. Ghana Must Go lẹ ń pè é, ṣùgbọ́n àwọn tiwa náà wà nínú èrò yẹn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1984, ìjọba Buhari ti ibodè pa, kò sì ṣí títí di 1986. Ìyá mi ń ta aṣọ ní ọjà Dantokpa. Gbogbo àkókò yẹn, ọ̀nà igbó ni wọ́n ń gbà, wọ́n á dé ẹrù lórí àwọn ọ̀dọ́, wọ́n á san owó fún ṣọ́jà méjì kí wọ́n tó rí ilẹ̀ Nàìjíríà. Kí wọ́n tó ṣí ibodè tán, náírà náà bẹ̀rẹ̀ sí í já, ọlọ́jà Nàìjíríà ò lówó ra nǹkan mọ́.

Àwọn alágbára inú ẹgbẹ́ sì ti ń yá owó ní báǹkì ìjọba láì dá a padà. Ní 1988, báǹkì ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dẹnu kọlẹ̀. Ẹ̀gbin wọn pọ̀ débi pé aáfà kan láti Málì, tó jẹ́ agbaninímọ̀ràn fún ààrẹ, wà lára àwọn tí wọ́n dá lẹ́jọ́ lórí rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Owó tí bàbá mi ń tọ́jú láti fi kọ́lé wà ní ọ̀kan nínú àwọn ibi tó tì yẹn. Wọ́n ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀, wọ́n máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa, àfi bí ẹni pé ilẹ̀kùn máa mọ ẹni tó múra. Ọdún 1988 yìí náà ni, nígbà tí ìdọ̀tí onímájèlé ará Ítálì ń dá rúgúdù sílẹ̀ ní Koko níbí, ìjọba tiwa ti fọwọ́ sí ìwé kí ilé iṣẹ́ òyìnbó kan máa wáá da irú ẹ̀ sílẹ̀ wa, dọ́là méjì àbọ̀ lórí tọ́ọ̀nù kan. Ìjọba tó bá ń ta ilẹ̀ rẹ̀ fún ààtàn ní dọ́là méjì àbọ̀ ti tán.

Owó oṣù kò wọlé mọ́. Oṣù kan, oṣù mẹ́ta, ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn tó ka ìwé gboyè ń gun alùpùpù sẹmijan, tí ẹ̀yin ń pè ní ọ̀kadà, kiri ìgboro. Ìyá mi ló ń bọ́ ilé, bàbá mi sì ń fi ojú fo àsìkò oúnjẹ. Alẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n sọ ohun tí mi ò gbàgbé: “Mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé òṣìṣẹ́ ló ni ìjọba. Òṣìṣẹ́ ni mí. Ta ló wá jẹ mí lówó?” Lọ́dún 1989, àwọn tíṣà tó ń bẹ̀rù ojú ara wọn tẹ́lẹ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fagi lé ọdún ẹ̀kọ́ náà pátápátá. Ní oṣù Kẹfà, ìjọba Marx àti Lenin lọ fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú àjọ owó àgbáyé, IMF, tí àwa fi gbogbo ìgbà èwe wa kọrin bú. Ní oṣù Kẹjọ, ilé ìgbìmọ̀ tún dìbò yan Kérékou fún ọdún márùn-ún míì, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ẹ wá wò ó, ibẹ̀ ni ògiri Berlin ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wó. Mi ò ní kò nípa kankan. Nígbà tí Rọ́ṣíà kò ráyè gbọ́ tara rẹ̀, kò sí ọ̀rẹ́ tí Kérékou máa sá tọ̀, Faransé sì ní òun ò ní yọ owó fún ẹni tí kò yíwà padà. Ìròyìn ikú Ceaușescu, olórí kọ́múníìsì ilẹ̀ Rùmáníà tí wọ́n pa lọ́jọ́ Kérésìmesì, náà kò ní ṣàì dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni tó ń jẹ aṣáájú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ni Kérékou ti fọwọ́ ara rẹ̀ ju Marx nù, kí Ceaușescu tó kú. Èèyàn tó ti kún ìgboro láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ló bà á lẹ́rù. Ẹlòmíì á tún ní ọ̀rọ̀ tí Mitterrand, ààrẹ Faransé, sọ nípa ìjọba tiwa-n-tiwa ní ìlú La Baule ló ṣí ojú Áfíríkà. Oṣù Kẹfà ọdún 1990 nìyẹn. Àwa ti parí tiwa ní oṣù Kejì, níbi ìpàdé àpapọ̀ gbogbo ìlú.

Ìpàdé yẹn ni mo fẹ́ sọ gan-an. Kérékou gbà kí gbogbo ẹ̀yà, ẹgbẹ́, òṣìṣẹ́, àgbẹ̀, ọlọ́jà, àlùfáà, àti àwọn ààrẹ àtijọ́ tí ṣọ́jà lé kúrò, kí gbogbo wọn wá jókòó sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣe é ní hòtẹ́ẹ̀lì PLM Alédjo ní Kútọnu, láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1990. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta (500). Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ló darí wọn. Ṣe ni Kérékou rò pé wọ́n á sọ ìbínú wọn tán, wọ́n á jẹun, wọ́n á lọ.

Rédíò gbé e síta. Ọjà Dantokpa fẹ́rẹ̀ẹ́ má tajà. Ìyá mi ní rédíò kékeré kan, bátìrì rẹ̀ sì wọ́n, nítorí náà àwọn ìyá ìsọ̀ tó yí wọn ká dáwó bátìrì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọlọ́jà, ẹ mọ̀ pé wọn kì í dáwó fún ohun tí wọn ò rí èrè rẹ̀. Èdè Faransé ni wọ́n ń sọ, èmi ni mò ń túmọ̀ sí Yorùbá, ọmọbìnrin kan ń túmọ̀ sí Gùn fún àwọn tó wà lódì kejì. Ojú ń tì mí nígbà míì láti túmọ̀ ohun tí àwọn kan ń sọ sí olórí ìlú lójúkojú. Ìyá ẹlẹ́pà kan máa ń ní, “Ó sọ bẹ́ẹ̀? Wọn ò tíì mú un?” Mandela ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ẹ̀wọ̀n ní ọjọ́ 11 oṣù náà, orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo èèyàn.

Ìgbà tó yá ni ìpàdé náà dìbò pé àṣẹ àwọn ló ga jù ní ilẹ̀ náà, àti pé kò sẹ́ni tó lè yí ìpinnu àwọn padà, ààrẹ pàápàá. Ìjọba la gbà yẹn o, láìsí ìbọn. Àhesọ gba ọjà kan pé ṣọ́jà ti ń bọ̀. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dì aṣọ. Ọjọ́ tó kẹ́yìn, Kérékou wá sí gbọ̀ngàn náà fúnra rẹ̀, ó ní òun gbà. Ó gbà kí Nicéphore Soglo di olórí ìjọba, kí wọ́n kọ òfin tuntun, kí wọ́n dìbò. Mi ò tíì rí ibi tí àwọn tó ń bára wọn ná ọjà ti dì mọ́ ara wọn bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n kọ òfin náà, ìlú dìbò fún un ní oṣù Kejìlá ọdún 1990. Ní oṣù Kẹta ọdún 1991, Soglo na Kérékou nínú ìbò, ìdá méjì nínú mẹ́ta ló gbà, ó sì lé. Ológun tó ti jẹ ọdún méjìdínlógún àti ààbọ̀ tọrọ àforíjì, ó gba ilé rẹ̀ lọ. Wọ́n ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni ò ní pè é lẹ́jọ́. Ìyẹn dá ìjà sílẹ̀ nílé wa. Ọmọ aládùúgbò tó ti Ségbana bọ̀ ní ta ló fún bíṣọ́ọ̀bù láṣẹ láti dárí jì í lórúkọ òun. Mi ò ní èsì fún un nígbà náà. Síbẹ̀, mo wo Tógò, ibi tí wọ́n ti fi àwòkọ́ṣe wa ṣe ìpàdé tiwọn ní 1991, tí ṣọ́jà Eyadéma sì fi ìbọn já wọ ọ́fíìsì olórí ìjọba tí ìpàdé náà yàn kí ọdún náà tó parí. Mo wo Zaire, tó ń jẹ́ Kóńgò báyìí. Mo wo Nàìjíríà tiyín, níbi tí wọ́n ti fagi lé ìbò June 12 ní 1993. Nígbà Abacha, ọ̀nà igbó tí ìyá mi gbé aṣọ gbà ni àwọn NADECO ń gbà sá wá sọ́dọ̀ wa, Ṣóyínká náà gba Bẹ̀nẹ̀ kọjá ní 1994. Lójú tèmi, owó tí a san fún àlàáfíà ni ìdáríjì yẹn. Ó wọ́n, a sì san án.

Ohun tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni pé ní 1996, Kérékou padà wọlé, ìbò ló fi wọlé! Alágẹmọ ni àmì rẹ̀ látìgbà pípẹ́, ó ní ẹ̀ka igi kò níí ṣẹ́ mọ́ alágẹmọ lápá. Bàbá mi, bàbá mi yìí kan náà, dìbò fún un. Soglo ti gé iṣẹ́ ìjọba, wọ́n ti gé iye owó wa, sẹ́fà, sí ìdajì ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1994, ọjà ti wọ́n gógó. Nígbà tí mo bínú, wọ́n ní ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó gbé ìbọn wá àti ẹni tó wá bẹ̀ mí kí n tó gbé e síbẹ̀. Ó ti di ọmọlẹ́yìn Jésù nígbà náà, kódà nígbà ìbúra, ó fo ibi tí òfin ti ní kó dárúkọ ẹ̀mí àwọn baba ńlá. Ilé ẹjọ́ òfin orílẹ̀-èdè ní kó padà wá búra bó ṣe wà nínú ìwé. Ó padà, ó sì ka gbogbo rẹ̀. Ìyá àgbà ti kú nígbà náà. Wọn ì bá rẹ́rìn-ín kú. Ní 2006, ó lo ọdún rẹ̀ tán, ó lọ, Boni Yayi gbà á. Ó kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015.

Nǹkan ti yí padà láti ìgbà náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, wọ́n dìbò ilé aṣòfin láìsí ẹgbẹ́ alátakò kankan lórí ìwé ìbò, wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ ìbò, díẹ̀ ló lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn olùdìbò tó jáde. Nígbà tí inú ń bí àwọn èèyàn ní àdúgbò Boni Yayi ní Kútọnu, ṣọ́jà yìnbọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó tò sórí ìlà kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́dún 1991, tó sì fi inú ebi dúró títí ó fi tẹ̀ka, kò jáde lọ́jọ́ tá à ń sọ yìí. Ó ní òun ń tún alùpùpù òun ṣe. Mo bá a jà lórí fóònù. Ó ní kí n wá sí Àjàṣẹ́ wá dìbò fúnra mi, kí n yéé jókòó sí Nàìjíríà máa pàṣẹ.